Àrá Tí À Ń Bẹ̀rù, Òjò Tí À Ń Retí

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò)

Èkìtì Kete, mo kí yín o! Ẹ̀yin Kábíyèsí tó wà ní ìjókòó, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin àgbẹ̀ tó fi oko sílẹ̀ wá síbí lónìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọmọ mi tó jókòó sórí ẹní níwájú níbí, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ̀yin ni mo tìtorí yín wá jù.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún àwọn ọmọ. Àlọ́ o! Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun. Kí ni o? Òjò! Ẹ káre. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín.

Òjò ni mo fẹ́ bá yín sọ, àmọ́ kì í ṣe òjò wẹliwẹli tó ń rọ̀ láàárọ̀ tí èèyàn ń fi sùn. Òjò tó ń bá ìjì àti àrá rìn ni. Òjò tó ń sọ ọ̀sán gangan di alẹ́, tí ìyá á máa pariwo pe ọmọ, "Wọlé! Wọlé!", tí ajá á sá wọ abẹ́ àga. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n? Ta ni kò bẹ̀rù rẹ̀ rí? Ta ló sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò gbádùn rẹ̀ rí?

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ìgbádùn òjò àrá dára, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù rẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí a gbé ìbẹ̀rù náà kà ni kò tọ́. À ń bẹ̀rù díńgí, a kì í bẹ̀rù igi. À ń bẹ̀rù aṣọ pupa, a kì í bẹ̀rù pápá gbalasa. À ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ẹni tí àrá kọlù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yẹn gan-an ló lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló gbé mi dìde nílé lónìí.

ADÙN RẸ̀ NI N Ó KỌ́KỌ́ SỌ

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìparí oṣù kejì ọdún. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ilẹ̀. Omi kànga ti fà sísàlẹ̀, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ, eruku ti bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Inú ilé gbóná débi pé àwọn àgbàlagbà ń gbé ẹní síta lóru. Àgbẹ̀ ti kọ ebè tán, ó ń wojú Olúwa.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ á dákẹ́. Ewé kan kò ní mì. Adìyẹ á máa wọlé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ ó bojú wo apá ìlà oòrùn, ẹ ó rí i pé ó ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í kù lókèèrè. Lẹ́yìn náà ni ìjì á dé lójijì pẹ̀lú òtútù, eruku á sọ, ìlẹ̀kùn á máa gbá, àwọn obìnrin á máa sáré ká aṣọ lórí okùn, ẹni tó sá ẹ̀lùbọ́ á máa ké sí ará ilé rẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ á já lu páànù: tọ́! Òmíràn: tọ́! tọ́! Kí ẹ tó mọ̀, ó ti di wàà, ẹ kò gbọ́ ohùn ara yín mọ́.

Òórùn yẹn ńkọ́? Òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn? Ẹ̀yin tó ti gbé ìlú òkèèrè rí, ṣé òórùn yẹn kò mú yín rántí ilé? Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú erùpẹ̀, àwọn ló ń ṣe èròjà tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀kán òjò bá lu ilẹ̀, á tú u sínú afẹ́fẹ́, imú wa á sì gbọ́ ọ bó ti wù kó kéré tó.

Àwọn ọmọ á ti gbé báàfù, gárawá àti ìkòkò sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. Lálẹ́, esunsun á jáde, á máa yí iná ká. Wọn á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, wọn á kó o, wọn á fi iyọ̀ díẹ̀ yan án. Bí ilẹ̀ bá mọ́, máńgòrò tí ìjì gbọ̀n á ti wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹni tó mọ ibi tí olú ń hù kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, á ti jí lọ. Àgbẹ̀ á gbé àgbàdo jáde láti gbìn. Ẹni tí iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bá sì wà níwájú rẹ̀ nígbà tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń lu páànù, ẹ̀yin ará Èkìtì, kí ló tún kù tó ń wá láyé?

A tún ní ohun kan ní Èkìtì tí àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò ní. A ní òkè. Bí àrá bá sán lórí Ìkẹ́rẹ́ yìí, Olósùnta á gba ohùn rẹ̀, á dá a padà, Orólè náà á gbà á, á tún rán an padà, títí tí ilẹ̀ á fi máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ará Ẹ̀fọ̀n Alààyè tó ń gbé láàárín òkè mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti gbọ́ àrá ní ìlú tó tẹ́jú. Ó ń dún, ó sì ń dẹ́rù bani, àmọ́ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa pàdánù èyí. Mo ń rí ilé tí òjò ńlá ti ń rọ̀, tí ojú ọ̀run ń kọ yẹ̀rì-yẹ̀rì, tí ọmọ sì tẹjú mọ́ fóònù, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ pè é. Ẹ jókòó tì í nínú ilé, kí ẹ jìnnà díẹ̀ sí fèrèsé, kí ẹ jọ máa wò ó. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ ohun tó ń rí. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ohun àgbàyanu ni, pé Ẹlẹ́dàá kò ṣe é kéré.

NÍBO LÓ TI Ń WÁ?

Abala kejì ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí i dáadáa.

Ẹ̀fúùfù méjì ló ń jìjàdù ilẹ̀ wa láàárín ọdún. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá àti ìlà oòrùn, ó gbẹ, ó kún fún eruku. Òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti Òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, ó kún fún omi. Bí oṣù kẹta àti ìkẹrin bá dé, ẹ̀fúùfù olómi á máa ti ẹ̀fúùfù gbígbẹ sẹ́yìn lọ sí òkè ọya. Ní ìgbà tí àwọn méjèèjì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí wa yìí ni òjò àrá máa ń le jù. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, òjò á pọ̀ àmọ́ ìjì rẹ̀ á rọlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, òjò á sinmi díẹ̀. Bó bá di oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí ẹ̀fúùfù gbígbẹ ń padà bọ̀, ìjì á tún bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni tiwọn máa ń le jù, nítorí ìgbà náà ni ilẹ̀ wọn ń gbóná. Ohun tó ń fa tiwọn kò yàtọ̀ sí tiwa: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi, tó ń sáré lọ sókè.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ tí àwa alákọ̀wé ń gbàgbé. Ìjì òjò wa kì í tẹ̀lé ẹ̀fúùfù olómi tó ń fẹ́ nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ló ń darí rẹ̀, èyí sì ń fẹ́ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà, Òmùò àti Ìkọ̀lé ló ń kọ́kọ́ rí i kí Adó tó rí i, kí ó tó wá kan Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n. Bí ẹ bá ní ará ní Òmùò, kí ó tẹ̀ yín láago pé ìjì ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ká aṣọ yín.

Àwọsánmà òjò àrá máa ń ga ju kìlómítà 12 lọ. Ó ga ju ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ti ń fò. Lókè réré yẹn, bí ooru bá tilẹ̀ ń pa wá nílẹ̀ níbí, òtútù ibẹ̀ ju ti fírísà lọ. Omi á di yìnyín níbẹ̀. Àwọn yìnyín wẹ́wẹ́ á máa lọ sókè, àwọn tó tóbi á máa já bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á máa gbá ara wọn. Nínú gbígbá yẹn ni iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti ń jáde: irú kan á kó jọ sókè àwọsánmà, irú kejì á kó jọ sísàlẹ̀. Yóò máa pọ̀ sí i, yóò máa pọ̀ sí i, títí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè dá a dúró mọ́. Ìgbà náà ni á fò. Ó lè fò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú àwọsánmà kan náà. Ó lè fò wá sílẹ̀.

Ibi tó bá gbà kọjá á gbóná tó nǹkan bí 30,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ gbọ́? Ó tó ìlọ́po márùn-ún bí ojú oòrùn ṣe gbóná tó. Afẹ́fẹ́ tí irú ooru bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé kọlù á fẹ̀ lójijì, ìbúgbàù rẹ̀ sì ni à ń gbọ́. Nítorí náà, mànàmáná àti àrá, ohun kan náà ni. Ojú rí ọ̀kan, etí gbọ́ èkejì. Ìmọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lójú ẹsẹ̀. Ohùn ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń lo bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó rin kìlómítà kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Mànàmáná kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ má sáré: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà, eéje, ẹẹ́jọ, ẹẹ́sàn-án. Àrá sán. Ó jìnnà tó kìlómítà mélòó? Mẹ́ta! Ẹ ṣeun. Mẹ́ta náà kò jìnnà o. Mànàmáná lè já lu ilẹ̀ níbi tó jìnnà tó kìlómítà 16 sí ibi tí òjò ti ń rọ̀, níbi tí oòrùn ṣì ti ń ràn. Ẹni tó bá lè gbọ́ àrá, àrá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

ÌBẸ̀RÙ ÀWỌN BABA WA

Mo ti dé ibi tó nira jù. Ẹ fún mi láyè kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí Ṣàngó bá tojú rẹ̀ wọlẹ̀ kò ní bá wọn bú Ọba Kòso. N kò wá síbí láti bú Ọba Kòso. Ìlànà ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ní ọgbọ́n nínú. Wọ́n gbà pé ojú kan wà lókè tó ń rí olè àti òpùrọ́ níbi tí ọlọ́pàá kò dé. Bí àrá bá sán, wọ́n á kí i: "Kábíyèsí!" Ẹni tó jí ewúrẹ́ ọmọnìkejì á máa wárìrì lábẹ́ ibùsùn. Ṣé ẹ rò pé ìyẹn kò mú ìlú tòrò? Mú un tòrò ló ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìhà kejì. Tí àrá bá pa ènìyàn, ẹnu á kàn án lẹ́yìn ikú pé olè ni, pé oṣó ni. Ilé tí àrá jó á jó lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó bá wá ṣètùtù á tún gba owó àti ẹran lọ́wọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ jó. Ìyàwó rẹ̀ á di ẹni tí wọ́n ń fi ojú burúkú wò lọ́jà. Àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé orúkọ náà dàgbà. Ó ń dùn mí dé egungun nígbà tí mo bá rò ó, nítorí ẹni náà lè jẹ́ ọlọ́ọ̀ótọ́ jù lọ nínú ìlú, tó kàn dúró sábẹ́ igi ìrókò nítorí pé òjò ń pa á.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ní Ìjàrẹ́, ìpínlẹ̀ Òǹdó tó múlé gbè wá, àrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òkè kan tí àwọn ará ìlú kà sí ilẹ̀ ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ yín gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ yín rí fọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbínú òkè náà ni. Ní ọdún 2016, lórí òkè kan ní orílẹ̀-èdè Norway lápá àríwá Yúróòpù, àrá pa ẹranko 323 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní reindeer. Kí ni wọ́n jí? Ta ni wọ́n purọ́ fún?

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí mànàmáná bá já lulẹ̀, iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó ń tàn kálẹ̀ nínú ilẹ̀. Màlúù ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó jìnnà síra. Iná á gba ẹsẹ̀ iwájú wọlé, á gba inú ara kọjá nítòsí ọkàn, á gba ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jáde. Bí òjò bá sì dé, ẹran máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á sún mọ́ra. Ẹyọ kan ló já, gbogbo wọn ló mú. Ẹ rántí èyí, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀, nítorí àwa náà máa ń sún mọ́ra lábẹ́ igi.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ìbẹ̀rù gbé lọ síbi tí kò tọ́. Ní Yúróòpù àtijọ́, wọ́n gbà pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lé ìjì. Bí àrá bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń lu agogo á sáré gun ilé gogoro tó ga jù nínú ìlú, á di okùn tútù mú. Ẹ rò ó wò! Àrá pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1752 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn nílẹ̀ Faransé, gẹ́gẹ́ bí àbá tí Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà mú wá, pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni mànàmáná. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 1753, ọ̀mọ̀wé Georg Wilhelm Richmann ń fi irin wọn agbára àrá nínú ilé ní St. Petersburg, ní Rọ́ṣíà, ìyẹn ló sì pa á. Ọ̀wọ́n ni ìmọ̀ tí à ń lò lónìí. Ẹ̀mí ni wọ́n fi rà á.

Ẹdun àrá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Òkúta dídán tí ó mú lẹ́nu, tí àgbẹ̀ ń rí nínú oko lẹ́yìn òjò ńlá, tí wọ́n ní àrá ló jù ú sílẹ̀. Mo ti gbé e lọ́wọ́ rí, ó wúwo, ó rẹwà. Àáké àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé ni. Wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi dán, wọ́n fi gé igi. Ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrùn, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wú egungun èèyàn àtijọ́ jáde ní ọdún 1965, wọ́n sì rí irú àáké olókùúta bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òjò kàn ń wọ́ erùpẹ̀ orí rẹ̀ lọ ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìjì ni ojú ń tó o. Bí ẹ bá rí i lóko, ẹ tọ́jú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọwọ́ àwọn tó ṣáájú wa nílẹ̀ yìí ló ṣe é.

ÒFIN ÌYÁ ÀGBÀ

Gbogbo wa la gbọ́ òfin òjò lẹ́nu ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la ó dà nù.

"Kúrò lẹ́nu ọ̀nà." Òótọ́ ni, ẹ mú un dání. "Má di àdá mú, má gbé ọkọ́ kọ́ èjìká." Òótọ́ ni. "Má wẹ̀ nígbà tí àrá ń sán." Nínú ilé tí wọ́n fa páìpù omi sí, òótọ́ gidi ni, iná lè gba inú páìpù. "Pa rédíò." Ó dára, kí ẹ sì yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ẹ ti yọ ọ́ kí ìjì tó dé.

"Fi aṣọ bo díńgí." Díńgí kì í pe àrá. "Bọ́ aṣọ pupa." Àrá kò mọ àwọ̀ aṣọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín kò pe àrá náà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kì bọ iná ìjọba tí ẹ tún gbé sétí, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Ẹnì kan wà tó kọ́ mi ní ìbẹ̀rù tó tọ̀nà. Bàbá mi àgbà ni, àgbẹ̀ kòkó. Kò ka ìwé kankan. Bí ìlà oòrùn bá ti ṣú, kò ní parí poro tó ń ro lọ́wọ́. Á fi àdá sílẹ̀, á ní ká máa lọ. A ó bẹ̀ ẹ́ pé ó kù díẹ̀, kò ní dáhùn. Á gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ tó yí òkè ká, kò ní gba orí òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló yá. Nígbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá fi já, a ti wà nílé. Á wá gbé àga rẹ̀ sí àárín pálọ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ gbọ́ bó ti ń dún." N kò tíì rí ẹni tó bẹ̀rù òjò tó bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

KÍ LÓ YẸ KÁ ṢE?

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. N ó yára sọ díẹ̀ nínú èyí, n ó sì pẹ́ lórí ọ̀kan.

Ẹ̀yin alákòóso ilé-ẹ̀kọ́, lọ́dọọdún ni ìjì àkọ́kọ́ ń ṣí òrùlé kíláàsì kiri ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ yẹ páànù àti igi àjà wò ní oṣù kìíní, kí ó tó di oṣù kẹta. Ẹ gbin igi tí yóò gba ìjì dúró, kó jìnnà sí ilé tó bó ṣe lè ga tó. Ilé gíga tó wà lórí òkè, ẹ ri irin amúnáwálẹ̀ sí i, kí ó wọ inú ilẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ fọn fèrè, kí eré bọ́ọ̀lù dúró. Ẹ kó gbogbo ọmọ wọ inú ilé tó ní ògiri yíká, tó sì ní òrùlé. Búkà kò tó. Àtíbàbà kò tó. Abà oko tí kò ní ògiri kò tó. Ọkọ̀ onípáànù tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ dára. Ọ̀kadà kò dára, bàtà rọ́bà kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn kí ẹ tó jáde.

Bí ó bá ká yín mọ́ oko tí kò sí ilé nítòsí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ kúrò lábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ kúrò nínú omi, kí ẹ má sì dúró ní ìdìpọ̀. Ẹ rántí àwọn màlúù Ìjàrẹ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ lóṣòó, ẹ má sùn sílẹ̀. Kò sí ibi ààbò gidi níta, àmọ́ ewu yóò dín kù.

Èyí tí n ó pẹ́ lé lórí nìyí. Ọmọnìkejì rẹ ṣubú. Àrá ló kọlù ú. Kí ni a máa ń ṣe? A máa ń sá sẹ́yìn. A ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi dé. Kí ẹni náà tó dé, ó ti kú.

Ẹ gbọ́ mi, mo ń bẹ̀ yín. Kò sí iná kankan nínú ara ẹni tí àrá kọlù. Ẹ lè fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Púpọ̀ nínú wọn kì í kú. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń yè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ríro, etí dídi àti ìgbàgbé lè bá àwọn mìíràn fún ọdún púpọ̀. Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Virginia, Roy Sullivan, aṣọ́gbó ni. Láàárín ọdún 1942 sí 1977, ẹ̀ẹ̀méje ni àrá kọlù ú, kò sì pa á. Àwọn tó ń kú, ọkàn wọn ló dúró, èémí wọn ló dá. Ìgbà mìíràn, ọkàn náà á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kò ní tíì padà, ẹni náà á sì kú nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ èémí fún un. Bí èèyàn púpọ̀ bá wà nílẹ̀, àwọn tó ń kígbe ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ bá.

Kí ẹnì kan pe 112. Kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀. Bí àrá bá ṣì ń sán, ẹ gbé e wọlé bó bá ṣeé ṣe. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti pàdé ọrùn ọwọ́ sí àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ na apá yín gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ jẹ́ kó padà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kí ó yá, kí ó tó 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìgbà, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì rí i pé àyà rẹ̀ gbéra. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá rẹ yín, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹ má dá a dúró títí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yóò fi gbà á lọ́wọ́ yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Mo gbé ìrọ̀rí mẹ́rin wá, wọ́n wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìlà iwájú, ẹ dìde, ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin òbí, ẹ sún mọ́ wọn, ẹ̀yin náà yóò ṣe é. Ìyálọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ẹ kúnlẹ̀ níbí. Ọwọ́ yín dà? Ó dára. Àárín àyà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta…